Ẹ tú u ná, Ìyá Ìbejì

Òkun o, Ìyá Ìbejì. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Ẹ ní ẹni ọdún 39 ni yín, pé ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní Ìyàrà nílẹ̀ Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, àti pé láti ìgbà tí ẹ ti bí àwọn ìbejì lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ni ìtọ̀ ti máa ń ta sí yín láṣọ bí ẹ bá wúkọ́, bí ẹ bá sín, tàbí bí ẹ bá gbé omi rù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo yóògà, eré ìdárayá àti èémí tó wá láti Íńdíà, lórí fóònù, ó sì ti di ọdún méjì tí ẹ ti ń ṣe é ní ìdájí kí àwọn ọmọ tó jí. Nígbà tó di oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ gbọ́ nípa mula bandha, dídi ìdí mú, wọ́n sì sọ fún yín pé ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa kì í tú u láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ di í mú lórí ẹní, ẹ di í mú níwájú pátákó, ẹ di í mú lójú ọ̀nà oko. Ní báyìí, ìsàlẹ̀ ikùn ń ro yín, egungun ìdí ń dùn yín bí ẹ bá jókòó pẹ́, ìtọ̀ ń pẹ́ kó tó jáde, ìgbẹ́ ti le, àjọṣepọ̀ ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ sì ti di ìrora. Ìtọ̀ tó ń ta náà kò sì dá. Ẹ wá bi mí pé: kí ẹ fi kún un ni, àbí kí ẹ pa á tì? Àti pé ṣé agbára tí wọ́n ní ó máa ń gba ọ̀pá ẹ̀yìn gòkè lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, torí àwọn ìyá kan nínú ìjọ yín ti ń sọ pé ẹ̀mí mìíràn ni ẹ ń pè.

Ẹ má fi kún un. Ẹ tú u. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ fi jìnnà sí dídi ìdí mú, níbikíbi tó wù kó jẹ́. Mi ò sọ pé kí ẹ pa á tì títí láé. Ohun tí ẹ kọ yìí kò jọ ti obìnrin tí iṣan rẹ̀ kò lágbára nìkan. Ó jọ ti obìnrin tí iṣan rẹ̀ kò rí ìsinmi.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ kàn yín, lẹ́tà kì í sì í ṣe àyẹ̀wò. Torí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ nílé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù. Kòkòrò inú ìtọ̀ lè mú ìsàlẹ̀ ikùn ro èèyàn, ó sì lè mú kí ìtọ̀ máa dani láàmú, eré ìdárayá kò sì lè lé e lọ. Bí ìyẹn bá wà níbẹ̀, ẹ wò ó sàn ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mula bandha jẹ́ gan-an, nítorí mo rí i pé orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ ti wá bá yín, láìní olùkọ́ tó ń wo yín. Èdè Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ni. Mula ni gbòǹgbò, bandha ni ìdè. Ó wà nínú Hatha Yoga Pradipika, ìwé tí Svatmarama kọ ní Íńdíà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí ìwé náà ní kí èèyàn ṣe ni pé kó fi gìgísẹ̀ ti àárín ihò ìdí àti ojú ara, kó fún ìdí, kó sì fa apana gòkè. Apana ni orúkọ tí wọ́n ń pe agbára tó ń lọ sísàlẹ̀ nínú ara, èyí tó ń ti ìtọ̀, ìgbẹ́, nǹkan oṣù àti ọmọ jáde. Prana ni wọ́n ń pe ti òkè, ti àyà. Wọ́n fẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé.

Ẹ kíyè sí irú ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹni tó jókòó lójú kan ni, tí inú rẹ̀ ṣófo, tí olùkọ́ rẹ̀ wà nítòsí, tó di í mú pẹ̀lú èémí fún ìgbà díẹ̀, tó sì tú u. Wọn kò kọ ọ́ fún olùkọ́ tó dúró wákàtí mẹ́fà níwájú ọmọ àádọ́ta. Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ "ẹ má tú u" ti wá ni ọ̀nà yóògà tí wọ́n ń pè ní Ashtanga, tí K. Pattabhi Jois fi kọ́ àwọn èèyàn ní ìlú Mysore ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń di ìdí mú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Ìdìmú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni ti àwọn tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ pàápàá, wọn kì í fi gbogbo agbára fún un. B. K. S. Iyengar, tóun náà jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ yìí, kìlọ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1966 pé ewu ńlá wà nínú kí èèyàn dá kọ́ àwọn ìdè wọ̀nyí fúnra rẹ̀. Àwọn fídíò kì í sábà sọ apá ibẹ̀ yẹn.

Ó sì tún dà bí ẹni pé ohun mẹ́ta ni ẹ pò pọ̀. Ashwini mudra, tí wọ́n fi ẹṣin sọ lórúkọ, ni kí èèyàn máa fún ihò ìdí kó sì máa tú u léraléra, bí ẹṣin ṣe ń ṣe lẹ́yìn tó bá yàgbẹ́ tán. Vajroli ni ti iwájú, ọ̀nà ìtọ̀. Mula bandha wà láàárín àwọn méjèèjì, ó sì fara sin jù wọ́n lọ. Bí mo ṣe ka àlàyé yín, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ ń fún pọ̀, pẹ̀lú itan, ìdí àti ikùn. Vajroli tí wọ́n ń fi rọ́bà sí ojú ìtọ̀ ṣe, tí wọ́n ní ó jẹ́ ti àwọn àgbà, ẹ má ṣe é láé. Ó ń ṣeni léṣe, ó sì ń kó kòkòrò wọ àpò ìtọ̀.

Láti egungun tó wà lókè ojú ara níwájú títí dé ṣóńṣó egungun ìdí lẹ́yìn, àwọn iṣan kan tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀ bí ẹní. Orí wọn ni àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìparí ìfun jókòó lé. Ọ̀nà mẹ́ta ló gba àárín wọn jáde lára obìnrin, méjì lára ọkùnrin. Ọkùnrin náà ní i o, àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí prostate, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, sì ń ṣe eré ìdárayá rẹ̀. Lókè, iṣan mìíràn tó rí bí agboòrùn ló pààlà láàárín àyà àti ikùn. Bí ẹ bá fa èémí sínú, agboòrùn náà á sọ̀kalẹ̀, ẹní ìsàlẹ̀ á sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ láti gbà á. Bí ẹ bá mí jáde, àwọn méjèèjì á jọ gòkè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá mí, lójú oorun pàápàá. Ẹ̀yin wá di ti ìsàlẹ̀ mú pé kó má lọ mọ́. Ti òkè ń ti nǹkan wálẹ̀, ti ìsàlẹ̀ kò yà fún un. Ẹ ò rí i pé ikùn yóò ro?

Ọmọ Bùnú nílẹ̀ Òkun ni ìyá tó bí mi, obìnrin ló sì máa ń hun aṣọ níbẹ̀ nígbà náà, lórí òfì tó dúró lóòró. Mo kéré nígbà tí mo máa ń jókòó ti màmá mi. Òwú tó nà láti òkè dé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ le, bí kò bá le, aṣọ kò ní dára. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí òwú ìbú bá fẹ́ kọjá, òwú olóòró yẹn gbọ́dọ̀ là sí méjì kó lè ráyè gbà. Bí kò bá là, màmá mi kì í ní òwú náà lágbára, ó máa ń ní ó ti lọ́ mọ́ra, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán iṣan ìdí nílé ìwé físíò, níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ fífi eré ìdárayá wo ara sàn, ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn.

Ìdí tí ìtọ̀ fi ń ta síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo làálàá yín kò ṣòro láti lóye. Ibi tí iṣan lè fún dé ní òpin. Bí ẹ bá ti lo gbogbo rẹ̀ tán láti àárọ̀, nígbà tí ikọ́ bá dé lójijì, kò sí ibi tó kù fún un láti gòkè sí. Ó tún ti rẹ̀ ẹ́. Iṣan tó wà ní dídì fún oṣù mẹ́rin máa ń kúrú, ó máa ń dùn bí a bá tẹ̀ ẹ́, kò sì ní agbára tí ẹ rò pé ẹ ń kó jọ síbẹ̀. Ìtọ̀ tó ń pẹ́ kó tó jáde, ìgbẹ́ tó le, ìrora lórí ibùsùn, iṣan tí kò yà fún ohun tó fẹ́ kọjá ló ń fa irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó ṣe èmi náà rí. Lẹ́yìn ọmọ kẹta, mo lọ sí kíláàsì yóògà kan ní Èkó, olùkọ́ wa ní kí a di í mú, kí a fi kún un, kí a fi kún un sí i. Mo jẹ́ onífísíò nígbà náà, mo sì yẹ kí n mọ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń fún un, títí tí mi ò fi lè jókòó ṣọ́ọ̀ṣì tán láìdìde. Ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló yẹ̀ mí wò tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú u." Mo ní mo ti tú u. Ó ní rárá, ẹ ò tíì tú u. Òótọ́ ló sọ, mi ò mọ̀ mọ́ bí títú ṣe rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín kí ẹ má kánjú sáré gba apá yìí kọjá.

Ohun tí ẹ ó máa ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́ ni pé kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ gbé ojúgun yín méjèèjì lé orí àga tàbí bẹ́ǹṣì. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ fi imú fa èémí sínú pẹ̀lẹ́, kí ó dé egungun ìhà ìsàlẹ̀, kí ikùn gbé ọwọ́ yín sókè. Bí èémí ti ń wọlé, ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ yín máa ṣí bí ẹni tó fẹ́ tọ̀ àmọ́ tí kò ti nǹkan kan. Ẹ má fi ipá tì í, kí ẹ sáà fi í sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá ń mí jáde, ẹ má ṣe nǹkan kan rárá. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Lẹ́yìn náà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jókòó lé gìgísẹ̀, ẹ ya orúnkún sọ́tọ̀, ẹ na ọwọ́ síwájú kí iwájú orí yín kan ilẹ̀, kí ẹ sì mí bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Ní ọ̀sán, nígbà tí ẹ bá ń dáná, ẹ jókòó lórí àpótí ìdáná kí itan yín là. Lójú tèmi, ìjókòó àwọn ìyá wa nídìí àdògán dára fún ìdí ju àga ọ́fíìsì lọ.

Nínú kíláàsì, ẹ wá àmì kan tí yóò máa rán yín létí. Gbogbo ìgbà tí aago bá lù, ẹ bi ara yín pé: ṣé mo ti fún un? Bẹ́ẹ̀ ni ni yóò jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ já àgbọ̀n sílẹ̀, ẹ sọ èjìká kalẹ̀, ẹ mí jáde, ìdí yóò tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í tọ̀ láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi dé ilé, torí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé kò dára, wọn kì í sì í mu omi kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí. Omi díẹ̀ ń mú kí ìtọ̀ ki, ìtọ̀ kíki ń bínú sí àpò rẹ̀, ìgbẹ́ náà á sì gbẹ. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ nípa ibi tí obìnrin lè lò. Ní ti ìgbẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré bí ẹ bá jókòó nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ má fi ipá tì í. Ìbẹ́pẹ, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ò wọ́n wa ní Ìjùmú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ìrora bá ti lọ tí ìtọ̀ sì ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ agbára. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, ló gbé eré yìí kalẹ̀ fún àwọn abiyamọ ní 1948, àwa onífísíò sì ti tún un ṣe láti ìgbà náà. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mí sínú, kí ìdí rọ̀. Bí ẹ ti ń mí jáde, ẹ fa á wọlé kí ẹ sì gbé e sókè, bí ẹni tí kò fẹ́ kí isó jáde láàárín èrò, kí ìfàsókè náà sì dé iwájú. Ìdajì agbára yín ti pọ̀ jù. Ẹ lo ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí itan bá mira, bí ẹran ìdí tí ẹ fi ń jókòó bá fún, bí èémí bá dúró, kì í ṣe òun nìyẹn. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, ẹ tú u fún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì dúró títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti balẹ̀ kí ẹ tó ṣe òmíràn. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ó kéré tán, oṣù mẹ́ta ni kí ẹ fún un kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ má fi ìtọ̀ tó ń jáde lọ́wọ́ ṣe ìdánrawò pé ẹ fẹ́ dá a dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, kò sì dára kó di àṣà, torí ó lè máa jẹ́ kí ìtọ̀ kù sínú.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wúlò ní tòótọ́ ni ìgbé ayé ojoojúmọ́. Kí ikọ́ tó jáde lẹ́nu, ẹ gbé ìdí sókè wéré, ẹ wúkọ́, ẹ tú u. Bí ẹ bá fẹ́ gbé omi rù, ẹ mí sínú nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mí jáde bí ẹ ti ń dìde. Iyán gígún náà ńkọ́? Àwa Òkun ò ní torí ìtọ̀ fi iyán sílẹ̀. Ohun tí mo ń rí lẹ́yìnkùlé ni pé àwọn obìnrin máa ń di èémí mú bí ọmọ odó ti ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo ipá náà á sì lọ sórí ẹní ìsàlẹ̀. Ẹ máa mí jáde ní gbogbo ìgbà tí ọmọ odó bá kan iṣu. Ẹ fẹsẹ̀ là, kí ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. Ọ̀já tí ẹ sì fi ń so ikùn látìgbà ìbejì, tí ẹ ní ó ń mú ikùn pẹlẹbẹ, ẹ tú òun náà. Bí ó bá le jù, ìsàlẹ̀ ló ń ti nǹkan sí.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti rọrùn, mula bandha yóò tún wá. Ẹ jókòó lórí aṣọ tí ẹ ká, kí inú yín ṣófo. Ẹ mí jáde, ẹ gbé àárín sókè fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ di í mú bí ẹ ti ń mí lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ẹ tú u, kí ẹ sì mí nígbà mẹ́fà kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ tó, kí ẹ sì fi sílẹ̀ lórí ẹní nígbà tí ẹ bá dìde. Ẹ má fi dídi èémí mú kún un bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà, bí ojú bá ní glaucoma, àìsàn tí ìfúnpá inú ojú sábà máa ń ga jù, bí ìpákè bá wà, tàbí bí oyún bá wà nínú.

Ní ti agbára tó ń gòkè, ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni mo máa sọ. Ìdí máa ń gbóná bí iṣan bá ṣiṣẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Mímí jáde pẹ̀lẹ́ máa ń mú kí ọkàn balẹ̀. Àwọn tó ti ṣe é fún ọdún pípẹ́ ń sọ pé àwọn ń mọ ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru kan lẹ́yìn wọn. Prana ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe lóye ara àti ọkàn tiwọn nìyẹn, kò sì sí irinṣẹ́ tí a fi ń wọ̀n ọ́n bí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń já, bí orí bá ń fò lọ, bí ọwọ́ bá ń kú tàbí oorun bá sá, ẹ má pe ìyẹn ní ìtẹ̀síwájú. Èémí tí ẹ ń fi ipá dì mú tàbí tí ẹ ń mí jù ló sábà máa ń fà á. Ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà.

Àwọn ìyá inú ìjọ kò ṣe é láti bà yín jẹ́, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n fún yín. Ọmọ ìjọ ni èmi náà. Ẹ sọ fún wọn pé iṣan tí Ọlọ́run fi gbé ilé ọmọ dúró ni ẹ ń tọ́jú, àti pé àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ń kọ́ obìnrin ní eré kan náà láìfi orúkọ Íńdíà kankan sí i. Ẹ lè gbàdúrà lórí ẹní yẹn, kò sí ẹni tó ní kí ẹ pe orúkọ ẹlòmíràn. Bàbá àwọn ọmọ náà ni kí ẹ jókòó bá sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó máa rò pé ẹ ò fẹ́ òun mọ́. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín fún un, kí ẹ jọ fi àjọṣepọ̀ tó ń dùn yín sílẹ̀ ná títí ìrora yóò fi lọ.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, bí ìtọ̀ bá kọ̀ láti jáde rárá, bí ibi tí ẹ fi ń jókòó bá kú tipiri, tàbí bí ohun kan bá ń yọ wálẹ̀ lójú ara, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi sọ fún obìnrin yòówù tí ìtọ̀ ń ṣàn lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ìbímọ tó le, pé ihò ló ṣeé ṣe kó ti lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń dí i, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi eré ìdárayá dá a dúró nílé. Bí ẹ bá fẹ́ kí onífísíò yẹ̀ yín wò ní ojúkojú, ẹ béèrè ẹ̀ka físíò nílé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja.

Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé. Ẹ sọ èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ fún mi, ẹ sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárọ̀, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ ti lè jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́ láìyí ìdí padà.